Níbo La Máa Gbà Wọ Ilé Ìṣeré?

Jọkẹ́ ń ta ata gbígbẹ ní Mile 12, Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́yìn Òwódé Onírin ló sì ń gbé. Láàárọ̀ Sátidé, kó tó lọ sọ́jà, òun àtàwọn obìnrin bíi mẹ́rìnlá máa ń péjọ sórí ilẹ̀ gbalasa kan tó wà láàrin àdúgbò wọn àti ẹ́sítéètì àwọn olówó. Wọ́n á rìn yípo, wọ́n á na apá, wọ́n á fò díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí orúnkún ń dùn á jókòó, wọ́n á máa bá wọn ka oókan, eéjì. Jọkẹ́ ló ń ṣáájú. Kò sẹ́ni tó yàn án. Òun ló ní fèrè.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Reuben, alága àwọn onílé ẹ́sítéètì náà, wá síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Edith, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwòrán ilé yíyà. Àjọ kan lókè òkun ti ṣèlérí pé àwọn á kọ́ ilé ìṣeré sórí ilẹ̀ yẹn, kí olówó àti mẹ̀kúnnù lè jọ máa ṣeré láìsí ìyàtọ̀. Nǹkan kan ló kù: aṣojú mẹ̀kúnnù gbọ́dọ̀ wà nínú ìgbìmọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àwòrán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Reuben wo Jọkẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rí bàtà rọ́bà tó wọ̀. Inú rẹ̀ dùn.

"Madam, ẹ̀yin gan-an la ń wá."

Gbọ̀ngàn ẹ́sítéètì ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́, lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Jọkẹ́ wọ lẹ́ẹ̀sì tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì tètè dé géètì. Gafar, ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀, kí i dáadáa.

"Kóòdù yín ńkọ́, ma?"

"Kóòdù wo?"

"Ẹni tó pè yín ló máa fi ránṣẹ́ sí yín. Láìsí kóòdù, ẹ ò lè wọlé."

"Alága yín ló pè mí. A fẹ́ ṣèpàdé lórí bí olówó àti mẹ̀kúnnù ṣe máa jọ ṣeré."

Gafar ń tẹ Alága láago títí àkókò ìpàdé fi kọjá. "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé yẹn, ma. Mo ti pe Alága lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kì í gbé fóònù nínú ìpàdé."

Gafar gbé àga fún un. Wákàtí méjì ló fi jókòó síbẹ̀ tó ń wo mọ́tò tó ń wọlé. Lọ́jọ́ kejì, àkọsílẹ̀ ìpàdé dé sórí Wáàsáàpù rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wákàtí méjì gbáko ni ìgbìmọ̀ fi jíròrò lórí bí ara ṣe máa tu mẹ̀kúnnù nílé ìṣeré náà, pé aṣojú wọn kò yọjú, àti pé ó ṣeni láàánú pé àwọn tí à ń ṣoore fún kì í ka nǹkan sí.

Jọkẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn ún wọra. Ó fẹ́ kọ̀wé fipò sílẹ̀, àmọ́ kò mọ ipò tó wà.

Nígbà tí Edith gbọ́ bó ṣe jẹ́ lẹ́nu Gafar, ojú tì í. Òun fúnra rẹ̀ ló wá fi mọ́tò gbé Jọkẹ́ lọ sí ìpàdé kejì. Kò sẹ́ni tó béèrè kóòdù lọ́wọ́ mọ́tò.

Wọ́n tẹ́ àwòrán sórí tábìlì. Ó rẹwà. Pápá tẹ́níìsì wà níbẹ̀, odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, ògiri kan sì wà tí wọ́n kọ ÌDỌ́GBA gàdàgbà sí, fún àwọn tó bá fẹ́ ya fọ́tò.

"Madam, ẹ sọ ohun táwọn èèyàn yín ń fẹ́ fún wa," Alága wí. Kí Jọkẹ́ tó lanu, Alága ti ń ṣàlàyé ohun táwọn ará Ajégúnlẹ̀ ń fẹ́ fún ìgbìmọ̀. Ó ní wọ́n fẹ́ràn omi.

"Omi wà lọ́dọ̀ wa, sà," Jọkẹ́ wí. "Tó bá ti doṣù Kẹwàá tí omíyalé dé, inú pálọ̀ mi làwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Jọkẹ́ wá fi ìka tọ etí àwòrán náà ní ìhà Ajégúnlẹ̀. Ògiri ni ìka rẹ̀ ń bá pàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Níbo làwa máa gbà wọlé?"

Edith tẹjú mọ́ nǹkan tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Oṣù mẹ́ta ló ti wà lórí ẹ̀. Ó ti ya ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ arọ, ó sì ti ya igi mẹ́tàdínlógún.

"Mo gbàgbé," ló sọ.

"Kò ṣòro," Alága dá sí i. "Inú ẹ́sítéètì lẹ ó máa gbà. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣeré ṣáà pe ẹni tó bá mọ̀ níbí, kónítọ̀hún fi kóòdù ránṣẹ́."

"Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀, sà."

"Kò burú. Ẹ pè mí."

"Ẹ ṣé, sà. Màá fún gbogbo àdúgbò ní nọ́ńbà yín. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan lé ní igba. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀."

Alága yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó wò ó, ó dà á dé sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló dábàá pé, nítorí ìdọ́gba, kí wọ́n ṣe géètì kejì sí ìhà Ajégúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ta kò ó.

"Ẹ yà á kí n rí i," Jọkẹ́ wí, "kí n tó fọwọ́ sí i."

Edith mú bíró, ó yà á lójú gbogbo wọn. Jọkẹ́ ní kó fẹ̀ ẹ́ sí i, kí obìnrin méjì lè jọ gba ibẹ̀. Ó fẹ̀ ẹ́. Jọkẹ́ fọwọ́ sí i.

Ọdún kan àti oṣù méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣí i, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ rọ́ wọ inú rẹ̀ tọmọtọmọ. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn onílé ẹ́sítéètì pe ìpàdé pàjáwìrì. Bí èèyàn bá lè ti Ajégúnlẹ̀ wọ ilé ìṣeré, kí ni kò ní jẹ́ kó ti ilé ìṣeré wọ ẹ́sítéètì? Wọ́n pe wẹ́dà, ó sì jó irin mọ́ géètì ilé ìṣeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn pa.

Ọ̀gbẹ́ni Reuben kọ̀wé sí àjọ òkè òkun pé àwọn ti dí àlàfo tó wà láàrin olówó àti mẹ̀kúnnù. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ ránṣẹ́ sí i.

Àmọ́ Stephanie, ìyàwó rẹ̀, ti ra bàtà eré funfun sílẹ̀. Nígbà tó di Sátidé kan, ó gba iwájú ẹ́sítéètì jáde, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ọjọ́ta dé Òwódé, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù nínú ẹrẹ̀, títí tó fi dé ilé ìṣeré tó ń rí òrùlé rẹ̀ láti ojú fèrèsé yàrá rẹ̀. Ó bá Jọkẹ́ nídìí tẹ́níìsì orí tábìlì.

"Ẹ káàbọ̀, ma. Ẹ ti rìn jìnnà."

"Ẹ jẹ́ n mí ná. Ọkọ mi ò mọ̀ pé mo wá."

Jọkẹ́ bu omi fún un, ó sì fún un ní báàtì tó dáa. Òun mú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó. Wọ́n gbá a títí di aago mẹ́sàn-án. Jọkẹ́ ló nà án. Stephanie ní wọn ò ka ayò yẹn bó ṣe yẹ, àfi kí wọ́n tún un gbá. Jọkẹ́ ní òun ò tún nǹkan kan gbá, òun ń lọ sọ́jà.