Orúkọ Tí Kò Sí Lára Páálí

Ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, ni àwọn olólùfẹ́ Ẹgbẹ́ Ààrá Ọ̀sà máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Ọláòtán, ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní Lásunwọ̀n, n'Ìkòròdú. Orin rọ́ọ̀kì ni ẹgbẹ́ náà ń kọ láyé ọjọ́un. Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó tú ká. Mobọ́lájí, olórin wọn, tí ó ti di arúgbó, ni wọ́n máa ń fún ní àga onírọ̀rí kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀, òun náà a sì máa fi máákà dúdú fọwọ́ sí páálí rẹ́kọ́ọ̀dù wọn, níbi tí àwòrán ojú rẹ̀ wà.

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, Jamilah wà láàárín wọn. Ẹ̀pẹ́ ni ó ti wá. Bísíríyù, apẹja tí ó bí i, ni ó ṣe orin kẹrin inú àwo náà, ṣùgbọ́n Mobọ́lájí kò kọ orúkọ rẹ̀ sí ibì kankan. Nígbà tí Bísíríyù wá béèrè, ẹnu géètì ni Mobọ́lájí dá a dúró sí, ó ní òun kò mọ apẹja kankan. Ọdún tó kọjá ni Bísíríyù kú. Ẹ̀san ni Jamilah bá wá. Kò bá ti ìlàjà wá.

Wọ́n ti ń jiyàn lórí orin kẹrin náà.

"Orin yẹn ló ba àwo jẹ́," ni Saheed wí. "Gìtá ń dún lọ jẹ́jẹ́, ni ẹnìkan bá ń gbá nǹkan bí ẹni tó ń kan pósí. Gbà, gbà, gbà! Kẹ́kẹ́ á pa. Lẹ́yìn náà, ṣììì, bí ẹni ń din ẹja."

"Ìdọ̀tí ló wà lára tìrẹ, ọ̀bùn," ni Ọláòtán fèsì. "Orin kẹrin ni ẹ̀mí àwo yìí."

"Tìrẹ náà ń ṣe ṣììì!"

"Irọ́ ńlá!"

Wọ́n gbé ti Saheed sórí ẹ̀rọ, wọ́n gbé ti Ọláòtán, wọ́n tún gbé ẹ̀kẹta. Ibì kan náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣe ṣììì.

Ọláòtán kọjú sí àgbà náà. "Bàbá, ẹ là wá. Kí lẹ fi gbá a?"

"Tábìlì ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lù ú."

Jamilah kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́. "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Kí ló dé tí ẹ dákẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta?"

"Kó lè dùn ni, ọmọ mi."

"Ọmọdé Ẹ̀pẹ́ yóò fi yín rẹ́rìn-ín. Àjẹ̀ la fi ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹja lè sá wọnú àwọ̀n. A óò wá dákẹ́, torí àwọ̀n lọwọ́ ń fà. Omi tó ń ṣàn kúrò lára àwọ̀n lẹ ń gbọ́ yẹn. Inú ọkọ̀ bàbá mi lẹ ti gbà á sílẹ̀. Àjẹ̀ náà rèé."

Ó tú aṣọ kúrò lára àjẹ̀ tí ó gbé wá, ó fi gbá férémù ilẹ̀kùn. Gbà, gbà, gbà. Kò sí ẹni tí kò mọ ìró náà.

"Tábìlì wo lomi ń ṣàn lára ẹ̀, Bàbá?" ni Saheed bi í.

Mobọ́lájí nu ojú. "Bísíríyù... Ó ti pẹ́. Mo ti gbàgbé."

"Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, Bàbá, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Jamilah kó páálí méjèèje tí àwọn olólùfẹ́ náà mú wá jọ sí iwájú rẹ̀. "Ẹ fa igi sórí orúkọ yín. Ẹ kọ ti bàbá mi."

"Jẹ́ kí n kọ ọ́ sísàlẹ̀."

"Rárá o. Orí àwòrán ojú yín ni."

Mobọ́lájí wo Ọláòtán bí ẹni tí ń wá olùgbèjà. Ọláòtán ti páálí tirẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ó kọ ọ́. Nígbà tí ó dé orí ẹ̀kẹta, ó gbé máákà sílẹ̀.

"Ó tó, arábìnrin," ni Saheed wí. "Àgbà ni wọ́n."

"Àgbà ni bàbá mi náà, lọ́jọ́ tó dúró sẹ́nu géètì nínú òjò."

Mobọ́lájí tún mú máákà. Jamilah kò jókòó títí tí èkeje fi parí. Lẹ́yìn náà, ó fi aṣọ wé àjẹ̀ rẹ̀.

"Ó ku àwọn tó wà nílé àwọn tí kò wá lónìí," ni ó wí. "N óò tún wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ẹ wá máákà tuntun sílẹ̀, Bàbá; eléyìí ti ń gbẹ."