Kọ́mà Orí Orúkọ Ìsíátù

Táòfíkì tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù l'Òkè-Àfà kì í fi kọ́mà òkè ṣeré, ìyẹn àmì kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi sókè láàárín lẹ́tà. Àwọn ọmọ tó ń tẹ báńà lóde òní lè kọ DONT PARK HERE kí wọ́n sì gbowó, kò sẹ́ni tó máa mú wọn. Táòfíkì ní tirẹ̀ á dúró níwájú ògiri onígèètì, á yọ ṣọ́ọ̀kì, á fi kọ́mà sáàárín N àti T, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Abórìṣàdé, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ n'Ísẹ́yìn, ló fi èyí lé e lọ́wọ́, àti òfin kan pẹ̀lú: bó bá jẹ́ orúkọ èèyàn ló wà lára sáìnbọ́ọ̀dù, kọ́mà tó ń sọ pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kọ gbẹ̀yìn, olóhun á sì dúró tì í. Ó yẹ kí olóhun fojú ara rẹ̀ rí i bí nǹkan ṣe ń di tirẹ̀.

Òfin rere ni. Táòfíkì ló sọ ọ́ dìdàkudà.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìsíátù fi ta aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù lọ́jà Aswani kó tó gba tirẹ̀. Ó gbéṣẹ́ wá: ISIATU'S FABRICS, lẹ́tà pupa lórí funfun. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ku kọ́mà nìkan. Obìnrin náà dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù Táòfíkì, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn àwọn oníbàárà aláìlójútì. Táòfíkì rẹ́rìn-ín títí. Ọdún kẹrin rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, Rodiat ọmọ wọn sì ti relé ọkọ. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́. Nígbà tó yẹ kó mú búrọ́ọ̀ṣì, kò mú un.

"Ọ̀dà yìí ò tíì gbẹ dáadáa," ló wí. "Ẹ padà wá ní Thursday."

Thursday pé, ó ní ọ̀dà pupa ti tán. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní òjò ṣú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Ìsíátù wá, ó ń tiro. Ó tiẹ̀ fi ọjọ́ Tuesday tí ọjà Aswani ń kún wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ráhùn.

"Bàbá Rodiat, mo fẹ́ rí orúkọ mi lókè kí ààwẹ̀ tó dé o."

"Kò ní pẹ́," ni Táòfíkì wí.

Nígbà keje, Nafeesah ọmọ Ìsíátù ló wá, nínú híjáàbù dúdú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti pa ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

"Màámi ní ó ku nǹkan kan," lọmọ náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi parí ẹ̀. Mo fẹ́ gbé e kọ́."

Táòfíkì fẹ́ sọ pé olóhun gbọ́dọ̀ dúró tì í, kó tó rántí pé olóhun ti wà nínú ilẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè wo ọmọ náà. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ ọ̀dà, ó gbé e sáàárín U àti S, ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á wálẹ̀ díẹ̀. Ó parí.

Nafeesah ṣì ń retí ìyókù. Ìgbà tó rí i pé Táòfíkì ti ń nu ọwọ́, ó wo sáìnbọ́ọ̀dù, ó wá wo ọkùnrin náà.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

"Òun náà ni."

Ọmọ náà di ẹ̀gbẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù mú.

"Láti Aswani ni Màámi ti ń fẹsẹ̀ rìn wá, sà," ló wí.