A Ń Rí I, Kò Rí Wa

Nígbà tí mò ń wí yìí, Sàlàhúdíìnì àbúrò mi ṣì wà láyé. Bàrákátù tó ń tọ́jú rẹ̀ náà ṣì wà. Màríámù ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Bàrákátù, ló ti lọ ní tirẹ̀, tó fi abọ́ tánganran olódòdó sílẹ̀ tó bo ògiri pálọ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Abọ́ tó kó wálé ọkọ nígbà ìyàwó rẹ̀ ni. Nílé wa ní Ṣàpọ́n, a kì í gbé ẹrù ìyá kúrò níbi tó fi í sí títí ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò fi wá kó o. Títílọlá nìkan sì ni Màríámù bí lóbìnrin. Ó wà ní Kánádà.

Túbọ̀sún ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì ni Títílọlá fẹ́. Sàlàhúdíìnì bàbá rẹ̀ ò fọwọ́ sí i, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ wá gba ohùn lẹ́nu Sàlàhúdíìnì, tó ku kó mi orí kó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún, ìgbà yẹn ló wá ń wá ọmọ rẹ̀.

Àárín àpáta nilé wa wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ yàrá. Ummulkulthum, ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ló gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri ilé wá, ráútà ni wọ́n ń pè é. Ó fa wáyà rẹ̀ láti orí òrùlé wọ pálọ̀, ibẹ̀ ló gbé e kalẹ̀ sí. Yàrá Sàlàhúdíìnì wà lẹ́yìn ògiri abọ́ yẹn.

A pe Títílọlá láti inú yàrá náà. Ojú rẹ̀ hàn kedere lójú fóònù.

“Bàbá mi, ṣé ẹ ti dárí jì mí?”

Sàlàhúdíìnì mi orí, ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni ń ṣàdúrà. Omi bọ́ lójú mi. Títílọlá, tó máa ń pe èmi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Màámi, ní, “Màámi, ojú wọn dúró sójú kan. Wọ́n ń le ojú mọ́ mi.”

“Le ojú kẹ̀? Wọ́n ti mi orí!”

“Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn fẹ́ tù mí nínú ni.”

Ummulkulthum ní, “Ìyá àgbà, à ń gbà dáadáa, a ò lè rán ni. Ohùn ẹ̀rọ yìí ń dé ọ̀dọ̀ fóònù, ti fóònù ni kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ.”

Bàrákátù ní, “Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu fóònù náà nìyẹn.” Sàlàhúdíìnì alára rẹ́rìn-ín.

A ní ká ya fídíò rẹ̀ ká fi ránṣẹ́. Ó kọjú sógiri. Bí kò bá rí ojú ọmọ rẹ̀, kì í gbọ́wọ́.

Ummulkulthum tú ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà dànù, ó fi èyí tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì sí i. Ó ní ẹnikẹ́ni ló lè wo inú rẹ̀ kó tún un ṣe. Ó ń wo nọ́ńbà tó ń sọ bí ohùn fóònù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ sí lójú kọ̀ǹpútà: fóònù bá wà ní pálọ̀, nọ́ńbà a ga, ó bá wọ yàrá, a já wálẹ̀. Ó fi agbára kún un, ó yí èyí, ó yí tọ̀hún, ó bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Pàbó. A ò sì lè gbé Sàlàhúdíìnì wá sí pálọ̀, abọ́ ò fi àyè sílẹ̀.

Mo ní, “Gbé e wọ yàrá, ṣebí wáyà ni?”

“Wáyà á gba àárín abọ́ kọjá, mà.”

Bàrákátù fò dìde. “Abọ́ ta? Ẹnì kan ò ní fọwọ́ kan ẹrù ẹ̀gbọ́n mi kí Títílọlá tó dé!”

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Bí ilé wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ń dùn mí di òní.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Sàlàhúdíìnì dákẹ́. Àwọn tí yóò gbé e jáde ò ráyè yí ní pálọ̀. Bàrákátù fúnra rẹ̀ ló ń sunkún, tó ń kó abọ́ sí àgbàlá.

Ummulkulthum pe Títílọlá láti inú yàrá, kó lè bá wa ṣàdúrà.

“Màámi,” ó ní, “mo ń rí wọn. Mo tiẹ̀ ń rí tẹ̀sùbáà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.”

Ummulkulthum wo nọ́ńbà, ó wo ògiri tó ti ṣófo. “Irin ni gbogbo abọ́ yẹn lábẹ́ ọ̀dà, àwọn ló ń dí ohùn fóònù lọ́nà,” ló sọ, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Títílọlá tún bi bàbá rẹ̀ bóyá ó ti dárí ji òun. Ojú bàbá rẹ̀ dúró sójú kan.

A sin ín kí wọ́n tó kírun Jímọ̀.