Orúkọ Tí Ìyábọ̀dé Kọ́ Ẹ̀rọ

“Mísítà Adúmáadán,” ni kọ̀ǹpútà náà kà, ó sì fi ohùn òyìnbó rẹ̀ fa orúkọ náà gùn bí ẹni ń fa okùn kànga.

Yàrá àwọn tíṣà ni wọ́n wà. Àga kan dún, ẹnì kan wúkọ́. Olúgbénga gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Mísítà Ọlájídé ni òun tẹ̀ sínú lẹ́tà tí wọ́n ní kó kọ, kì í ṣe Adúmáadán. Ọlájídé yìí ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Fìdítì. Òun gan-an ló jókòó níwájú rẹ̀ yìí, òun àti Alhaja Kùdírátù tó ń ṣojú àwọn òbí. Wọ́n wá wò ó bóyá tíṣà tí ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá lè máa ka rẹ́jísítà, kó máa kọ máàkì sílẹ̀, láìsí ẹni tó ń yá a lójú. Bí kò bá lè ṣe é, wọn yóò ní kó máa lọ sinmi nílé. Ọdún mẹ́rin péré ló kù fún un láti fẹ̀yìntì, ọdún mẹ́rin náà sì ni gbogbo ohun tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọlájídé ní kí ẹ̀rọ náà tún un kà. Ó tún un kà. Adúmáadán náà ni.

Ọ̀rọ̀ wá yé Olúgbénga. Ìyábọ̀dé ìyàwó rẹ̀ ni.

Kọ̀ǹpútà náà kò gbọ́ Yorùbá. Láti ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan ti fi í ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó lọ́dún tó kọjá, 1997, ni ó ti ń jẹ orúkọ ọmọlórúkọ lẹ́nu bí ẹran tí kò jinná. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí èèyàn lè to orúkọ sí, kó sì kọ bí a ṣe ń pè é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Olúgbénga fúnra rẹ̀ to àwọn orúkọ náà, ti ọmọ kíláàsì, ti tíṣà, ti ìgbìmọ̀. Ó wá bẹ ìyàwó rẹ̀, tó ti ṣe táípíìsì fún ọdún mọ́kànlá ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, pé kó bá òun kọ bí a ṣe ń pè wọ́n. Ọ̀sán àná ni Ìyábọ̀dé parí rẹ̀, iná sì lọ kí wọ́n tó dán an wò.

Bẹ́ẹ̀, ìyàwó ilé ni Ìyábọ̀dé. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn tí wọ́n gbé e wọ agbo ilé wọn ní Ìlọrà, ó sọ gbogbo ọmọ tó bá níbẹ̀ lórúkọ tirẹ̀, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ. Ọlájídé, ọmọ àbúrò bàbá Olúgbénga, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ó dúdú, ó ń dán. Ìyàwó tuntun pè é ní Adúmáadán, kò sì tíì pè é ní nǹkan mìíràn títí di òní, àní lẹ́yìn tí ọmọ náà di alága. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìyábọ̀dé ti wo ilé tirẹ̀. Wọ́n bi í bí a ṣe ń pè é, ó sì dáhùn bí òun ṣe ń pè é.

Alhaja Kùdírátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn gan-an ló dun Olúgbénga.

“Tíṣà, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó yí orúkọ alága padà, ta ló mọ ohun tí yóò yí máàkì Haneefah tèmi sí?”

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ńkọ́? Ọlájídé béèrè bóyá kí wọ́n pe tíṣà kan wọlé kó wá bá wọn wò ó. Òun ló ti sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé òun kò ní fi ti ẹbí ṣe ọ̀rọ̀ yìí. Olúgbénga ní kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni, kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó gbé ìka padà sórí bọ́tìnnì. Oṣù mẹ́jọ ló fi tọ́ ẹ̀rọ yìí bí ẹni ń tọ́ ọmọ. Àwọn tó ṣe é ti to ọ̀nà àbùjá rẹ̀, àwọn bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ pọ̀ láti pàṣẹ fún un, fún ọlọ́wọ́ méjì tó yá gágá, àdá sì ti gé iṣan ọmọńdinrín òsì Olúgbénga lóko iṣu láti kékeré, kò ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kó gbogbo ọ̀nà àbùjá náà wá sí ọ̀tún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí kí ó tún ìlà kà, èyí kí ó pe lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan, èyí kí ó sọ aago. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kó má máa pe gbogbo kọ́mà. Ó dín ìyára rẹ̀ kù títí ó fi bá ìwọ̀n tí Ìyábọ̀dé fi ń ka ìwé ìròyìn fún un mu. Gbogbo wàhálà yìí, kí ó má baà máa ké pe ìyàwó rẹ̀ ni. Obìnrin náà ti fi ọdún mẹ́rin yá a lójú, Olúgbénga sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé sùúrù nìkan ló kù nínú ìfẹ́ tó ní sí òun.

Ó tẹ ọ̀nà àbùjá kan, ibi tí orúkọ wà ṣí. Ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ ń kà á sókè. Olajide, Adúmáadán. Ó pa á rẹ́, ó kọ òmíràn, ó fetí sí i, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún lẹ́tà méjì ṣe. Adebayo, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó tún ìyẹn náà ṣe. Olufemi, Akọ̀wé. Ọmọ kíláàsì ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n bá ará ilé ọkọ Ìyábọ̀dé jẹ́ orúkọ. Ó gbọ́ tí alága ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi kò mà tíì kọ lẹ́tà kan rí láyé rẹ̀. Alhaja bú sẹ́rìn-ín. Olúgbénga kò rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó tẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Olugbenga,” ni ẹ̀rọ náà wí. “Olówó orí mi.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi. Níwájú èèyàn, Bàbá Ọpẹ́yẹmí ni Ìyábọ̀dé ń pè é. Nínú ilé náà, láti ìgbà tí ojú ti lọ, “ẹ rọra”, “òkúta wà níwájú yín”, “ẹ gba ṣíbí” ló ń gbọ́. Kò rántí ìgbà tó ti gbọ́ èyí kẹ́yìn.

“Ìyẹn ò kàn wá o, Tíṣà,” ni Alhaja wí jẹ́jẹ́.

Ó fo orúkọ náà, ó ṣí lẹ́tà, lẹ́yìn náà ó ṣí rẹ́jísítà. Ẹ̀rọ pe Ọlájídé ní Ọlájídé, ó ka máàkì Haneefah, méjìlélọ́gọ́ta, ó sì bá èyí tó wà nínú ìwé ọwọ́ Alhaja mu. Ọlájídé dìde. Ó ní ẹni tó bá lè rí àṣìṣe tó sì lè tún un ṣe lójú gbogbo ènìyàn, òun kò mọ ohun tí ìgbìmọ̀ tún ń wá lára rẹ̀, kó máa báṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó bá a gbé kọ̀ǹpútà dé ìdí mọ́tò, ó wá sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi kí ìyàwó wa. Ẹ ní Adúmáadán ń kí wọn.”

Ìyábọ̀dé ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé Ìlọrà. Ó ti bi í léèrè kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n gbà, ó dì í lápá mú. Olúgbénga wá ròyìn bí ẹ̀rọ ṣe pe alága. Obìnrin náà káwọ́ lérí, ó ń bẹ Ọlọ́run, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò mọ̀ pé ìta ló ń gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

“Ṣé gbogbo rẹ̀ ló kà?”

“Mo ti tún mẹ́ta ṣe. Ó ku ẹyọ kan.”

Ìyábọ̀dé padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Olúgbénga gbọ́ tí ẹ̀wà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àwo, hóró kan, hóró kan. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń wá ọ̀nà láti gbé ẹrù ara rẹ̀ kúrò lórí obìnrin yìí, kò sì bi í léèrè rí lọ́jọ́ kan bóyá ó wúwo.

“Bá mi kà á,” ni ó wí.

“Ṣé ẹ̀rọ yín ò kà á fún yín ni?”

“Ó kà á. Kò mọ ẹni tó ń pè.”

Obìnrin náà fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sétí rẹ̀, bí ọmọge, ẹni àádọ́ta ọdún ó lé.

“Tún un kà,” ni Olúgbénga wí, Ìyábọ̀dé sì tún un kà.