Àmì Funfun Lára Àpáta

Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá kan ti ń kun àmì funfun sára àpáta, kí àwọn tó ń gun òkè kékeré ẹ̀yìn ìlú má baà ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé ti wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí òjò wó apá kan ojú ọ̀nà, tí wọ́n la tuntun, ọ̀gá ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́ ní kí ọmọbìnrin bàbá náà tẹ̀ lé e lọ kun àmì sí i. Bó bá kun ẹyọ kan síbi tí kò yẹ, kí ọmọ wá sọ, iṣẹ́ bàbá parí nìyẹn. Ìṣojú àwọn méjèèjì ni ọ̀gá ti sọ ọ́.

Aránṣọ ni ọmọ náà. Ó gbé korobá ọ̀dà, wọ́n sì ń gòkè nínú kùrukùru. Bàbá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé èémí rẹ̀ ń dún bíi maṣíìnì tí kò rí epo. Ọmọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú.

Níbi tí ọ̀nà ti pín, ọ̀tún ni tuntun. Bàbá kò tilẹ̀ dúró wò, òsì ló yà sí. Ó kun àkọ́kọ́, ó kun èkejì. Ọmọ wúkọ́, bóyá á rántí. Ó kun ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ tán lójijì, òrùlé ìlú nìkan ló kù nísàlẹ̀ réré.

"Bàámi, òjò ti gbé ibí lọ."

Bàbá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí. "Ẹsẹ̀ ló mú mi wá," ló sọ. "Bá mi nù ún kúrò. Ta ni yóò mọ̀?"

Ọmọ fi àkísà àti kẹrosíìnì tí wọ́n gbé wá nu gbogbo rẹ̀. Ó ń ro bí ilé yóò ṣe dá páropáro mọ́ bàbá lórí bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń ro àwọn ọmọ iléèwé tó ń tẹ̀ lé àmì láìgbójú sókè.

"Màá sọ fún wọn, Bàámi."

Bàbá kò bínú. Ó ní kó kúkú jẹ́ kí òun ṣe tòní tán. Wọ́n padà sí ọ̀nà tuntun lápá ọ̀tún; ọmọ ṣáájú, ó ń nawọ́ sí àpáta, bàbá ń kùn ún títí wọ́n fi dókè, níbi tí kùrukùru kò jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, bàbá ní òun kò ní wọ ọ́fíìsì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó kọjú sí títì. Ọmọ náà kan ilẹ̀kùn ọ̀gá, ó wọlé.