Ìpè Mẹ́ta ní Gbọ̀ngàn Àkàngbé

Kí wọ́n tó wó Gbọ̀ngàn Àkàngbé, ìhà Yábàá tó kọjú sí ọ̀sà ló wà. Ilé ìkópákó sí ni tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní ẹja ni wọ́n ń kó síbẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn pákó ni èmi gbọ́ lára ògiri rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé ló sọ ọ́ di ilé eré, ó sì fi òfin kan lélẹ̀: ẹni tó bá kú lórí ìtàgé kò gbọdọ̀ mira títí aṣọ ìtàgé yóò fi padé.

Àbúrò mi, Mobọ́lájí, ń ṣeré níbẹ̀. Bàbá wa, ọmọ Iléṣà, tó ń kọ́ni ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ní àwọn kò bí alágbe. Mobọ́lájí kó jáde nílé, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí a bá pàdé, ẹ̀bẹ̀ kan náà ni: “Àǹtí Ethel, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Kí wọ́n wá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré.”

Níkẹyìn, Bàbá gbà. Ọdún náà kò dá mi lójú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún lójú títì, nítorí náà kò lè ṣáájú 1972.

“Má sọ fún un,” ni Bàbá wí. “Mo fẹ́ rí i bó ṣe máa ń ṣe é gan-an.”

Ní ọjọ́ Sátidé náà, Mobọ́lájí jáde, ó kọrin. Bàbá fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi. “Ohùn ìyá rẹ nìyẹn.” Inú mi dùn.

A kò mọ̀ pé ẹni tó máa ń ṣe òkú ń ṣàìsàn, àti pé Mobọ́lájí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbé e jáde lórí ẹní, òwú wà nímú rẹ̀, aṣọ funfun wà lára rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni Bàbá, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, òbí kì í rí òkú ọmọ. Bàbá dìde.

“Mobọ́lájí, dìde!”

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ jókòó, a ò ríran!”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre! Wọ́n mọ eré ṣe ju àwọn tá a sanwó fún lọ!”

“Mobọ́lájí, ọmọ mi, mo ní kí o dìde!”

Mo rí omi tó ń ṣàn jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò mira. Lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá fi oríkì pè é, “Àjíkẹ́,” ohùn wọn sì já. Wọ́n yí padà. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn títí wọ́n fi jáde.

Létí ọ̀sà, Bàbá bi mí pé, “Ethel, ṣé ó gbọ́ mi?”

N kò lè purọ́ fún wọn. “Ó gbọ́, Bàbá.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mobọ́lájí wá sí ilé wa ní Sábó. Àtíkè òkú ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú aṣọ ẹnu ọ̀nà tí a ta. “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Òfin iṣẹ́ ni.” Ó pè wọ́n, ó tún pè wọ́n. Inú ilé ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Omijé wọn dé irùngbọ̀n. Wọn kò mira. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kẹta, tí kò gbọ́ ohùn kankan, ó dìde, ó lọ.

Wọ́n wó gbọ̀ngàn náà nítorí ojú títì. Kò pẹ́ sí i tí Bàbá fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, Mobọ́lájí dúró lẹ́bàá aṣọ ẹnu ọ̀nà yẹn.

“Àǹtí mi, òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣé wọ́n gbọ́ mi?”

“Ọjọ́ Ìsinmi ni,” ni mo wí. “Wọ́n ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”