Wọ́n Fi Ṣéènì Ajá Bàbá Mi Háyà

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ máa bọ̀ níwájú, kí ẹni tó ń tẹ fóònù gbé e sílẹ̀ ná. Inú ṣì ń bí mi lórí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò ní purọ́ fún yín. Tí mo bá ń pariwo, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń pariwo mọ́. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ dópin, torí mo ní nǹkan tí màá bi yín.

Ayleen lorúkọ mi. Orí òkè là ń gbé, ní Las Lengas, níbi tí títì ti parí. Tó bá ti di oṣù Keje báyìí, ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa, tí àwọn ọmọ ilé ìwé gba ọlidé, gbogbo ará Santiago, olú ìlú wa, á rọ́ sínú mọ́tò, wọ́n á ní àwọn ń lọ wo yìnyín. Kí wọ́n wò ó! Ṣé mo bá wọn jà ni? Wọ́n á fi yìnyín mọ ọmọlangidi sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi kárọ́ọ̀tì ṣe imú ẹ̀, wọ́n á máa gbé e lọ sílé kí ará àdúgbò lè rí i pé àwọn náà débẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn ò mọ ọkọ̀ wà lórí yìnyín, wọn ò sì gbà pé àwọn ò mọ̀ ọ́n wà. Bí táyà bá ti yọ̀ díẹ̀ báyìí, wọ́n á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pa aáyán. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì bẹ́ẹ̀ lórí omi tó ti dì, ó ti fa ọkọ̀ lé òkè lọ́wọ́ nìyẹn. Ibi tó bá wu òkè ló máa gbé e lọ.

Òfin sì wà o. Òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ tó fẹ́ gòkè mú ṣéènì dání, ṣéènì tí wọ́n ń wé mọ́ táyà kó lè di ilẹ̀ mú. Àwọn ọlọ́pàá máa ń dúró ní afárá ìsàlẹ̀. "Ṣéènì dà?" Awakọ̀ á ṣí bùùtù, á gbé àpò sókè. Ọlọ́pàá á mi àpò yẹn, á dún wọnran-wọnran. "Ó ti tó, máa lọ." Ṣé ẹ rí nǹkan? Mímú dání ni òfin wí. Púpọ̀ nínú wọn ò ní tú okùn ẹnu àpò yẹn títí wọ́n á fi padà délé wọn.

Ibẹ̀ ni Nibaldo ti ń jẹun. Nibaldo, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, òun ló ń fi àpò ṣéènì háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Ó máa ń dé fìlà yẹ́lò kan kí wọ́n lè rí i lókèèrè, ẹnu ẹ̀ sì dùn ju oyin lọ. Láàárọ̀ wọ́n á gbà á, nírọ̀lẹ́ wọ́n á dá a padà. Owó yẹn ni gbogbo ilé wa ń jẹ, mi ò sẹ́. Òun ló ń ra òògùn Bàbá.

Bàbá mi, Don Eleodoro, kíndìnrín ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, Àbámẹ́ta, a gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù nílùú ìsàlẹ̀ kí ẹ̀rọ lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, ìjì yìnyín dí títì pa, a ò lè jáde. Nígbà tí ilẹ̀ Àbámẹ́ta máa mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú bíi tìmùtìmù, ó ń mí bí ẹni tó sáré dé. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ayleen, kẹ́ ẹ tètè dé o. Tẹ́ ẹ bá pẹ́, a máa fi ẹlòmíì sórí ẹ̀rọ yẹn, mi ò sì mọ ìgbà tó máa ṣófo. Bàbá ẹ ò lè dúró o."

Nibaldo ti lọ sí afárá láti ìdájí, èmi ni mo wá máa wakọ̀. Mo wé ṣéènì mọ́ táyà fúnra mi, mo fà á le, mo tún un fà. Màmá wa di sopaipilla gbígbóná, búrẹ́dì tí wọ́n fi òróró dín, sínú aṣọ fún mi. "Má sáré. Má sì pẹ́." Màmá wa nìyẹn, nǹkan méjì tí ò lè bára wọn gbé ló máa ń bẹ èèyàn.

A ò tíì rìn jìnnà tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀.

"Rọra, Ayleen."

"Mò ń rọra, Bàbá."

"O ò rọra tó. Capitán ì bá wà á dáa ju báyìí lọ."

Capitán, ajá ẹ̀ ni. Ó bá a da àgùntàn títí tó fi darúgbó, ó wá kú lọ́dún tó kọjá. Látìgbà yẹn Bàbá ò rí ọ̀rọ̀ míì sọ. Ó ti ń wá ṣéènì ajá náà káàkiri ilé, òun àti bẹ́líìtì ọrùn ẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí, ó ní òun fẹ́ gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Nibaldo ní òun ò rí i. Mo ní èmi náà ò rí i.

"Bàbá, ajá ò ní láísẹ́ǹsì."

"Ó ní làákàyè. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n ju láísẹ́ǹsì lọ."

A ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ la dé kọ́ọ̀nà kan tí oòrùn kì í dé. Ibẹ̀ máa ń dán bíi dígí. Mo fi sí jíà kìíní, mò ń yọ́ lọ. Àfi bí mọ́tò funfun kékeré kan ṣe yọ nísàlẹ̀, ó ń gòkè bọ̀ eré-eré, orin ń lọ gbàmùgbàmù nínú ẹ̀. Ó rí wa. Kí ló ṣe? Ẹ ti mọ̀. Ó tẹ bíréèkì! Ọkọ̀ náà yí, ó fẹ̀gbẹ́ bọ̀ bí akàn, ó kọjú sí wa, ó kẹ̀yìn sí wa, ó tún kọjú sí wa. Ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún mi. Mo yí sítíárìn sápá òkè, mo ki imú ọkọ̀ wa bọ inú òkìtì yìnyín. Ọkọ̀ funfun náà gbá iná iwájú wa fọ́, ó wá dábùú títì, ó dúró. Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e náà tẹ bíréèkì, gbà! Ẹnì kẹta, gbà! Bí wọ́n ṣe dí títì pa nìyẹn.

"Bàbá! Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín?"

"Mo wà níbí. Sopaipilla ti dà sí mi lára."

Mo bọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde nínú ọkọ̀ funfun, bàtà kánfáàsì ló wọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan báyìí, ó fìdí jókòó sílẹ̀. Iñaki lorúkọ ẹ̀, mo gbọ́ bí ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ Trinidad ṣe ń pariwo ẹ̀.

"Bíréèkì ò mú!" Ó ń wò mí látilẹ̀.

"Bíréèkì mú! Mímú tó mú ló gbé ẹ débí!"

"Má bínú, sìsí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá rí yìnyín rèé."

"Ìgbà àkọ́kọ́ ẹ lo fi ń sáré báyìí? Ìgbà kejì ńkọ́, ṣé o máa fò ni?"

Trinidad ní kí n má bá a wí bẹ́ẹ̀, pé ara ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní ara tèmi náà ń gbọ̀n, ó kàn jẹ́ pé ìbínú ló ń gbọ̀n tèmi. Mo ní bàbá mi wà nínú ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ ti dọ̀tí, ó gbọ́dọ̀ dé ọsibítù, kó yáa wé ṣéènì mọ́ táyà kó kúrò lọ́nà.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wé e."

"Gbé e wá, màá wé e."

Ó gbé àpò jáde ní bùùtù. Okùn ẹnu ẹ̀ ò tíì tú rárá. Mo já a, mo da inú ẹ̀ sílẹ̀.

Òkúta méjì ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, èyí tí ò lè yí táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé ká. Bẹ́líìtì awọ kan wà lẹ́nu ẹ̀. Mo yí i padà, mo kà á. CAPITÁN.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí ná.

"Ta ló fún ẹ ní èyí?"

"Bọ̀dá kan tó dé fìlà yẹ́lò ní afárá. Ó ní kì í ṣe pé wọ́n ń wé e, ó ní kí ọlọ́pàá ṣáà ti gbọ́ ìró ẹ̀ ni."

Mo fẹ́ tọ́jú ẹ̀ sápò. Àmọ́ Bàbá ti yí gíláàsì sílẹ̀, ó ti na ọwọ́. "Gbé e wá." Mo gbé e fún un. Ó fi àtàǹpàkò nu orúkọ yẹn títí. Ó ká a mọ́ ọwọ́ ẹ̀ bí ẹni ń ká okùn àgùntàn.

Ọkọ̀ wa ti há sínú òkìtì yìnyín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì sí níbẹ̀. Afárá ò jìnnà, àmọ́ Bàbá ò lè rìn ín. Mo bá lọ fa ọpọ́n rọ́bà pupa kan yọ nínú ọkọ̀ àwọn Iñaki, èyí tí wọ́n rà láti fi máa yọ̀ lórí yìnyín. Trinidad ní, "Ọpọ́n wa nìyẹn o!" Mo kàn wò ó ni. Òun fúnra ẹ̀ bọ́ kóòtù ẹ̀, ó tẹ́ ẹ sínú ẹ̀. Mo gbé Bàbá jókòó, mo so okùn mọ́ ìbàdí mi, Iñaki sì di ẹ̀yìn mú kó má sáré jù. Ó ṣubú lọ́nà bí ìgbà márùn-ún. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá ṣubú, Bàbá á ní, "Rọra, ọmọ ìgboro." Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ nìyẹn.

Ohun tí mo rò lọ́kàn mi nìyí, ẹ gbọ́ dáadáa: a máa dé afárá, màá gbé Bàbá sínú ọkọ̀ Nibaldo, Nibaldo á gbé e lọ. Tí wọ́n bá ti yí kọ́ọ̀nà, màá wá la ẹnu mi tú àṣírí àwọn àpò yẹn.

A dé afárá. Ọkọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ. Nibaldo wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, fìlà yẹ́lò. Bó ṣe rí Bàbá nínú ọpọ́n, ó sáré wá. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Tín-ín-rín, kí lo fi Bàbá ṣe?" Tín-ín-rín ló ń pè mí látikékeré.

Bàbá na ọwọ́ tí ṣéènì wà sí i. "Ajá mi ti kú, Nibaldo. O ò jẹ́ kó sinmi. O tún wá ń fi í háyà."

Ojú Nibaldo funfun bíi yìnyín. Ó rọra sún mọ́ mi létí. "Pa ẹnu ẹ mọ́. Jẹ́ ká gbé e sínú ọkọ̀ ká máa lọ. A máa sọ ọ́ nílé."

Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn! Mo ti di Bàbá mú lápá. Àmọ́ lẹ́yìn Nibaldo, ọkùnrin kan ń gbé àpò sínú bùùtù, mo mọ àpò náà, ti Nibaldo ni. Ìyàwó ẹ̀ ń fún ọmọ lọ́mú níwájú ọkọ̀. Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá mi àpò. Wọnran-wọnran. "Ó ti tó, máa lọ." Ọ̀nà kọ́ọ̀nà yẹn ni wọ́n kọjú sí, níbi tí ọkọ̀ mẹ́ta ti dábùú, tí ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo.

"Ẹ ṣí àpò yín! Gbogbo yín! Ẹ tú u wò kẹ́ ẹ tó gòkè!"

Ọkùnrin yẹn tú tiẹ̀. Ṣéènì màlúù àti òkúta. Ẹlòmíì tú tiẹ̀, ìdajì ṣéènì tó ti dípẹtà. Ariwo sọ. Wọ́n ká Nibaldo mọ́, ẹnì kan gbá fìlà yẹ́lò bọ́ sínú odò. Sájẹ́ǹtì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹ̀, ó ní ọkọ̀ náà ò lọ ibì kankan.

"Ìwọ gan-an ńkọ́?" Mo kọjú sí Sájẹ́ǹtì. "Ìwọ tó ò ń mi àpò bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀! Ṣé o tú ọ̀kan wò rí?"

Ó ní kí n má rí òun fín. Mo ní kó gbé bàbá mi lọ nígbà náà. Ó ní ọkọ̀ ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gòkè lọ síbi jàǹbá. Nibaldo ń pariwo láàárín èrò, ó ń sunkún: "Ayleen! Ta ló máa wá gbé Bàbá báyìí? Ta ni?"

Ọkọ obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú ló gbé e nígbẹ̀yìn. Àmọ́ ó ní láti kó ẹrù kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ ná, ó ní láti wá bó ṣe máa yí padà láàárín ọkọ̀ tó tò, gbogbo èèyàn sì ń fọn fèrè. Nígbà tá a máa dé ọsibítù, ẹlòmíì ti wà lórí ẹ̀rọ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó fi Bàbá sí i. Kó tó dìgbà yẹn omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, wọ́n ti ki rọ́bà atẹ́gùn bọ̀ ọ́ nímú.

Ó wà láàyè o, ẹ má bẹ̀rù. Àmọ́ dókítà ní ọkàn ẹ̀ ò lè padà sí bó ṣe wà. Tó bá rìn látorí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà báyìí, ó máa ń jókòó sinmi lábẹ́ ṣéènì Capitán tó gbé kọ́ síbẹ̀.

Wọ́n gba gbogbo àpò lọ́wọ́ Nibaldo. Kì í bá mi sọ̀rọ̀. Màmá wa sọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ní, "O ò lè pa ẹnu mọ́ títí ọkọ̀ á fi yí kọ́ọ̀nà? Bàbá ẹ nìyẹn o, Ayleen. Ta ni àwọn ará Santiago jẹ́ sí ẹ?" Bàbá ò dá mi láre, kò sì dá mi lẹ́bi. Ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà.

Inú ń bí mi sí Nibaldo, ó ń bí mi sí Sájẹ́ǹtì, ó ń bí mi sí Iñaki àti bàtà kánfáàsì ẹ̀. Lọ́jọ́ míì, ó máa ń bí mi sí ọmọ ọwọ́ yẹn tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀, tó ń mu ọmú lọ jẹ́jẹ́.

Ó yá, ẹ̀yin. Bàbá yín wà lápá yín, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ọkọ̀ tí ọmọ wà nínú ẹ̀ ti ń gòkè lọ. Kí lẹ̀ bá ṣe?